Kí lẹ rí nígbà ìfẹ́sọ́nà tó padà bá yín délé?

Abẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, nílé aya, kí lẹ rí nígbà ìfẹ́sọ́nà tó padà bá yín délé? Ire ni o, ibi ni o, ẹ sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì: Ahun ni. Ahun náà ló ṣì jẹ́.

Morẹ́nikẹ́: Tèmi, ìdákẹ́ ni. Bí a bá jà, á panu mọ́, ọjọ́ á gorí ọjọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣebí kì í lù mí, kì í pariwo, kí ni mo tún ń wá? Èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ títí á fi yọ́nú. A ṣègbéyàwó tán, ọjọ́ di ọ̀sẹ̀. Ọmọ wa ló wá ń jíṣẹ́ láàárín wa: "Mọ́mì, Dádì ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà?"

Tèmítọ́pẹ́: Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò! Ilé wa lẹ ń sọ yìí o.

Àkàndé: Ṣé ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ dákẹ́ mọ́ ni? Bí inú bá ń bí mi tí mo lanu, ohun tó máa jáde kò ní dáa.

Olùkọ́: Àkàndé, ìdákẹ́ ju ọ̀kan lọ. John Gottman, ará Amẹ́ríkà tó ti ń wo ìjà tọkọtaya láti àwọn ọdún 1970, ka irú ti ọkọ Morẹ́nikẹ́ mọ́ nǹkan mẹ́rin tó ń tú ilé ká. Òun náà ló ní kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n kó padà wá sọ ọ́.

Àkàndé: Ta ló ní mi ò kí ń padà?

Tèmítọ́pẹ́: Ká bi ìyàwó yín?

Ṣọlá: Ẹ fi ìdákẹ́ sílẹ̀ ná. Jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì, AS ni. Ṣebí ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló máa jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde? Méjì péré la fẹ́ bí.

Olùkọ́: Rárá o, Ṣọlá! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 25 nínú 100 tirẹ̀. Àkọ́bí lè jẹ́ SS, kí èyí tó tẹ̀ lé e náà jẹ́ ẹ.

Àkàndé: Kí ló kan èyí nínú ìwà?

Morẹ́nikẹ́: Ó kàn án. Ẹni tó mọ̀ tó fi pa mọ́ nígbà ìfẹ́sọ́nà, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwà?

Bàbá Ìbejì: Kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì. Ibi àkọ́kọ́ ní AA ni mí, ibi kejì ní AS.

Ṣọlá: Háà. Lọ́la ni mò ń lọ.