Adé Marie-Louise: mo ti rí ìdáhùn

Ẹ kú ìjọ́mẹ́ta o. Mo bèèrè níjọ́sí pé kí ló fà á tí adé tí Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé, fún Marie-Louise ìyàwó rẹ̀ ní 1810, tí ìtàn ní émírádì (òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé) ni wọ́n fi ṣe é, fi jẹ́ pé òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wà lára rẹ̀ báyìí ní mùsíọ́mù Smithsonian, ní Washington.

Àmọ̀ràn pé kí n ka àkọsílẹ̀ mùsíọ́mù náà gan-an ló yanjú ọ̀rọ̀. Adé kan náà ni. Ọwọ́ ẹbí Habsburg, ìyẹn ẹbí Marie-Louise, ló wà títí di 1953 tí ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ Van Cleef & Arpels rà á. Wọ́n yọ émírádì 79 kúrò lára rẹ̀, wọ́n kàn wọ́n mọ́ ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn, wọ́n sì tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí wọra. Láàárín 1956 sí 1962 ni wọ́n fi túkọ́ìsì ilẹ̀ Páṣíà 79, ìyẹn òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run náà, rọ́pò wọn. Marjorie Merriweather Post, obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà kan, ló ra adé náà fún mùsíọ́mù ní 1971.

Ẹni tó ní kí n wo ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n ṣe pọ̀ mọ́ ọn, tó wà ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris nígbà kan, ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀: àwòrán rẹ̀ fi bí adé ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn mí. Àmọ́ olè ti jí ẹ̀gbà náà àti yẹtí rẹ̀ lọ ní oṣù kẹwàá 2025.

Ipa àwọn émírádì tó fọ́n ká ló kù tí mo ń tọ̀. Ẹ ṣé gan-an.