Ilé alágbèéká kọ́, ilé aláwẹ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún modular home, ilé tí wọ́n ń ṣe ní ẹyọ-ẹyọ nílé-iṣẹ́, tí wọ́n á wá so pọ̀ níbi tí yóò wà: ilé alágbèéká, ilé àtòpọ̀, ilé alápótí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbé èkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wọnú ìwé. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ilé ní Amẹ́ríkà. Mo ti rí tọkọtìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ sá fún ilé tó dára, nítorí ẹnì kan ti pè é ní alágbèéká fún wọn, wọ́n sì rò pé ilé onítáyà ni.

Ilé onítáyà wà lóòótọ́. Orí férémù irin ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, irin náà kì í sì í kúrò lábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 1976 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ìwé ọkọ̀ ni ìwé rẹ̀ máa ń rí títí ẹni tó ni ín yóò fi so ó mọ́ ilẹ̀. Òun ni alágbèéká yẹ. Èyí tí à ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé e. Tó bá ti gúnlẹ̀ sórí ìpìlẹ̀, ó gúnlẹ̀ nìyẹn, òfin ìkọ́lé àdúgbò ló sì ń tẹ̀ lé, bíi ti ilé tí wọ́n kọ́ lórí ilẹ̀ náà gan-an.

Abẹ́ òrùlé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kan pákó ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbé ògiri dúró, wọ́n á fi wáyà iná àti páìpù omi sínú ògiri, wọ́n á de fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná pàápàá lè ti wà níbẹ̀ kó tó jáde. Lásìkò kan náà, àwọn mìíràn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbi tí ilé yóò wà. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń dínkù, òjò ò sì lè dá iṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́ dúró. Tírélà á wá gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kírénì á gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, wọ́n á so wáyà mọ́ wáyà.

Àtòpọ̀ ńkọ́? Bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù, nítorí náà gbogbo ilé Ìbàdàn ni àtòpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún irú èyí tí Sears, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tà nígbà kan rí: pákó gígé tó ní nọ́ńbà, tí ẹni tó rà á yóò tò fúnra rẹ̀. Alápótí súnmọ́ ọn, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ńténà ẹ̀bá títì ló máa wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ilé aláwẹ́ ni àbá tèmi. Ẹ wo obì àbàtà: awẹ́ kọ̀ọ̀kan pé lọ́tọ̀, síbẹ̀ obì kan ni gbogbo wọn. Níbi tí awẹ́ méjì ti kojú ara wọn, oníkálukú ló ní ojú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé yìí: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló gbé ògiri tirẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí ògiri àárín fi máa ń jẹ́ méjì. Èyí ló dá mi lójú jù. Ó sì rọrùn láti kà: ilé aláwẹ́ méjì, aláwẹ́ mẹ́rin. Habitat 67, ilé gbígbé ńlá tí ayàwòrán ilé Moshe Safdie yàwòrán rẹ̀ ní Montreal ní Kánádà, awẹ́ kọnkéré 354 ni.

Ẹnìkan lè ní obì ni à ń ya sí awẹ́, ilé ni à ń so pọ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń sọ awẹ́ gbólóhùn (clause) nínú gírámà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ìyapa níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ṣeé yà: Nakagin, ilé gogoro kan ní Tokyo ní Japan, tí wọ́n parí ní 1972, awẹ́ 140 ni. Nígbà tí wọ́n tú u ní 2022, wọ́n tọ́jú díẹ̀ lára àwọn awẹ́ náà.

Ohun tó kù ni orúkọ ògiri àárín yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní marriage wall, n ò sì fẹ́ "ògiri ìgbéyàwó" rárá. Ẹ bá mi bi káfíńtà tó wà nítòsí yín: kí ló ń pe ibi tí pákó méjì ti pàdé?