Níbo gan-an ni àwọn bàbá wa ti ń kó ẹrù ní Lọ́kọ́ja?

Ọmọ Kàbà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ èbúté Lọ́kọ́ja ni mo gbé wá. Ẹni tó mọ etí odò yẹn dáadáa ni mo ń wá.

Bàbá tó bí bàbá mi fi Kàbà sílẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó lọ ṣe lébìrà létí Odò Ọya fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wa nínú iṣẹ́ náà ni idẹ pẹlẹbẹ kan. Kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Wọ́n lu ihò sí i lókè kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì tẹ 214 sí àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ 4 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, torí ọrùn ló máa ń gbé e kọ́, òógùn àyà rẹ̀ ló sì ń fi ń nù ún lójoojúmọ́. Bàbá mi ní ẹni tí kò bá fi idẹ yẹn han akọ̀wé nírọ̀lẹ́ kò ní gbowó. Àpò ẹ̀pà, àpò ẹkùrọ́, òwú dídì, awọ ẹran, orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo rẹ̀ láti sẹ́ẹ̀dì wọ inú báàjì.

Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n mú wa gun òkè Patti, a rí ilé ìsinmi Lugard, wọ́n fi ibi tí wọ́n ní Flora Shaw jókòó sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà hàn wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè sẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹni tó ń mú wa kiri kàn nawọ́ sísàlẹ̀, ó ní "ọ̀hún yẹn ni." Mo dé ọ̀hún. Òpó irin kúkúrú kan ni mo bá, irú èyí tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Okùn ti jẹ ẹ́ wọnú bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá gé ọṣẹ; ìka mi mẹ́ta wọ ojú ibẹ̀. Ọmọbìnrin mi gbọ́wọ́ lé e, ó ní, "Dádì, ṣé bàbá bàbá yín fọwọ́ kan èyí?" N kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹ́ kù níbẹ̀? Ibo ni kí n mú àwọn ọmọ yìí lọ tí màá lè sọ pé ibí ni? Ilé ọ̀gá òyìnbó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ta ló ń ṣọ́ ibi tí ọrùn àwọn tiwa ti wọ́?

Ìyá Kabawa:

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé egungun. Kabawa níbí, létí omi, ni mo ń gbé. Sítọ́ọ̀ onípáànù kan wà lẹ́yìn ilé wa, páànù òyìnbó àtijọ́, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣó ìsinsìnyí kò lè wọ̀ ọ́. Omíyalé 2012 bò ó dé àárín, kò wó. Ti 2022 náà dé, kò wó. Èèyàn ló wó o. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ń fi òṣùwọ̀n ta páànù rẹ̀ fún àwọn onírin báyìí. Bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Tísà Ọ̀wọ́rọ̀:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ará Kàbà. Ẹ jẹ́ kí n tètè tún ti Flora Shaw yẹn ṣe, torí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló ti dá orúkọ náà lábàá, ní January 8, 1897, kì í ṣe lórí òkè Patti. Ó di 1902 kó tó fẹ́ Lugard.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lóòótọ́ ni ti January 1, 1900, tí wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company, kọ́ńpìnnì oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso agbègbè odò náà, kalẹ̀ tí wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Pọ́ùn 865,000 ni ìjọba san fún kọ́ńpìnnì náà. Oníṣòwò ló kọ́kọ́ ń pàṣẹ, sítọ́ọ̀ ló ṣáájú ọ́fíìsì, ìdí ìlú náà gan-an lẹ ń béèrè.

Ẹ yà sí ọgbà Holy Trinity, níbi ilé-ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Òpó irin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Wọ́n kó Àjàyí fúnra rẹ̀ lẹ́rú rí, ní Òṣoògùn, ní 1821. Bí mo bá ti fọwọ́ kan àwọn irin yẹn, ara mi a bù máṣọ.

Ní ti ìwé: Lever Brothers, àwọn oníṣe ọṣẹ, ra kọ́ńpìnnì yẹn, Niger Company, ní 1920, ó sì di ara UAC (United Africa Company) ní 1929. Port Sunlight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé UAC wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.

Bàbá Atukọ̀:

Ọmọ mi, o káre. Iṣẹ́ omi ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì.

Má wá sẹ́ẹ̀dì nítòsí òpó irin yẹn. Omi ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ àti September sí October, omi Lọ́kọ́ja a máa ga sí i ju ilé kan lọ. Ìgbà tó bá kún ni ọkọ̀ ńlá ń gòkè bọ̀ láti Burutu àti Warri, tí àwọn kan á gba Odò Bẹ́núé dé Garua ní Kamẹrúùnù. Àwọn tó ń lọ Garua kì í fi falẹ̀: bí omi bá fà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó di àmọ́dún. Ẹni tó bá kọ́ sẹ́ẹ̀dì sétí omi, odò ló kọ́ ọ fún. Nítorí náà kẹ̀yìn sódò, gun bèbè, máa wo ilẹ̀. Pèpéle kọnkéré tó tẹ́ gbọọrọ, tó ga dé orúnkún, tí koríko ti hù lé lórí, òun ni kí o wá. Gíga yẹn wà kí ọ̀rinrin má baà ba ẹ̀pà jẹ́.

Ohun tó pa iṣẹ́ náà ò kéré. Rélùwéè láti Baro, èbúté kan létí Odò Ọya, dé Kano ní 1911. Nígbà tí ti Èkó dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1912, ẹrù Kano rí ọ̀nà mìíràn. A ṣì ń kó tiwa lọ. Ogun 1967 wá dí ìsàlẹ̀ odò pa. Ṣùgbọ́n kò tán pátápátá o: Lọ́kọ́ja ṣì ni olú ilé-iṣẹ́ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi. Wá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni bèbè máa ń hàn síta.

Ọmọ Kàbà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, ẹ ò ní ráhùn o. Mo ti rìn kọjá lára irú pèpéle bẹ́ẹ̀! Ewúrẹ́ ló sùn lé e, mo rò pé ilé tí wọn kò kọ́ parí ni.

Màá padà wá ní February pẹ̀lú àwọn ọmọ, téèpù àti kámẹ́rà. Tísà, lẹ́tà Port Sunlight ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, màá fi fọ́tò idẹ náà sínú rẹ̀. Ìyá Kabawa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń ta páànù yẹn kó dá ẹyọ kan sí fún mi. Iye tó bá pè é, màá san án.