Tá a bá bọ́ọ́lẹ̀ l'Ọ́yìngbò, ibo ni ká yà sí?
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àtìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ ń fi Sátidé wo Èkó ládùúgbò ládùúgbò, a ti dé Pópó Àgùdà, àwọn ilé táwọn tó ti Brazil dé kọ́ síbẹ̀ dùn-ún wò gan-an, a sì ti wọ Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ní báyìí a fẹ́ wọ tiréènì Red Line láti Agége dé Ọ̀yìngbò, màmá mi náà fẹ́ bá wa lọ àmọ́ orúnkún ń dùn wọ́n. Mo rò ó pé ká lọ wo Jaekel House, ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù rélùwéè, nínú ọgbà rélùwéè l'Ẹ́bùúté Mẹ́ta, Yaba náà wà lọ́kàn mi ṣùgbọ́n èrò ọjà Tẹ́júoṣó yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló máa rọ màmá lọ́rùn jù nínú méjèèjì? Ẹ má bínú pó gùn, mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.