"Owó agbẹjọ́rò" kọ́ ni: èrò mi lórí orúkọ tí a ń wá fún owó ẹjọ́ ìfarapa

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ní kóòtù England àti Wales, nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, òfin ti dá iye owó ẹjọ́ tí ẹni tó jàre lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. "Fixed recoverable costs" ni wọ́n ń pe ètò yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Yorùbá mẹ́ta ni wọ́n ti dábàá fún un: "owó agbẹjọ́rò tí kì í yí padà", "gbèdéke owó ẹjọ́" àti "owó gbà-má-bínú oníye kan". Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ jẹ́ kí á tètè gbé ti ìkẹta kúrò lọ́nà. Owó gbà-má-bínú wà fún ara tó fara pa. Owó ẹjọ́ wà fún ìnáwó tí ẹjọ́ náà mú wá.

"Owó agbẹjọ́rò" ló burú jù lójú mi. Iye tí oníbàárà bá agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣàdéhùn lè ju èyí tí òfin dá lọ, inú owó gbà-má-bínú oníbàárà náà ni ìyókù sì sábà máa ń ti jáde. Bí a bá wá kọ ọ́ pé kì í yí padà, ẹni tó fara pa á rò pé kò sí gbèsè kankan mọ́, á sì buwọ́ lùwé. Kò tilẹ̀ tún jóòótọ́ pé kì í yí: bí ẹnì kan bá hùwà tí kò bọ́gbọ́n mu nínú ẹjọ́, adájọ́ lè fi 50% kún un tàbí kó yọ 50% kúrò.

Ní ti "gbèdéke", ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé kò gbọdọ̀ kọjá ibí, ṣùgbọ́n ó lè dín. Ètò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó wà nínú tábìlì tí òfin to iye owó náà sí ni wọn yóò san, ì báà ṣe wákàtí díẹ̀ ni agbẹjọ́rò fi ṣiṣẹ́, ì báà ṣe ọ̀pọ̀. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lẹ́yìn, tí awakọ̀ sì ti gbà pé òun jẹ̀bi, àti òṣìṣẹ́ tí eruku ilé iṣẹ́ ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, lè máa béèrè iye owó gbà-má-bínú kan náà. Ti òṣìṣẹ́ yìí, wọn yóò wá ọ̀gá àtijọ́ kàn, wọn yóò tú ìwé ilé ìwòsàn, dókítà yóò jẹ́rìí. Bí tábìlì bá fún un ní owó kékeré, agbẹjọ́rò wo ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní October 1, 2023, lẹ́yìn àbá tí adájọ́ Sir Rupert Jackson gbé kalẹ̀ ní 2017, fi pín ẹjọ́ sí mẹ́rin nípa bó ṣe le tó, títí dé ẹjọ́ £100,000. Láàárín ẹjọ́ tí kò ju £25,000 lọ, ìfarapa ojú pópó tó wọ́pọ̀ wà ní ìkejì, àìsàn ibi iṣẹ́ wà ní ìkẹrin.

Àbá tèmi ni "owó ẹjọ́ àgbàpadà àdíyelé". "Àgbàpadà" ń jẹ́ kí á mọ̀ pé ọwọ́ ẹlẹ́bi la ti ń gbà á. "Àdíyelé" sì ti wà lẹ́nu wa. Ta ni kò tíì gbọ́ "kò ṣeé díyelé" rí? Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n "àgbàpadà àdíyelé" tó bí a bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí á fi "ìsọ̀rí" pe ìpín mẹ́rin yẹn, kí "ìpele" dúró fún ibi tí ẹjọ́ dé, torí bí ẹjọ́ ṣe ń sún mọ́ ìgbẹ́jọ́ ni owó náà ń gòkè.