Ṣé kí n fi fíìmù yìí han bàbá mi?

Ẹ̀yin ará, àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀ ní Ọ̀fà, ọ̀dọ́kùnrin Fúlàní kan ló sì ń tọ́jú wọn, tí àwọn méjèèjì fi di ọ̀rẹ́ ara wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n jọ wo Intouchables, fíìmù Faransé ti ọdún 2011, níbi tí Driss, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tí kò lówó lọ́wọ́, ti ń tọ́jú Philippe, olówó tí ara rẹ̀ rọ láti ọrùn délẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo dórí ìjàǹbá Philippe, wọ́n dákẹ́, ó sì dùn mí gan-an. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n ṣì fi hàn wọ́n? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.