Ẹ̀dà ère ni fọ́tò, àbí àwòrán rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Àbá wà nílẹ̀ pé kí a máa pe fọ́tò ère, irú èyí tí àwọn ará Yúróòpù yà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní "ẹ̀dà ère". N kò lè fara mọ́ ọn. Ẹ wo ère orí Patroclus, akọni inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, tí William Henry Fox Talbot, ayàfọ́tò ará Ìlú Ọba, gbé sínú ìwé fọ́tò rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1844. Òkúta mábù ni ère náà gan-an, British Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, ni ó sì wà. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ Talbot jẹ́ èyí tí wọ́n fi pílásítà dà ní àwòṣe rẹ̀. Bí fọ́tò bá wá di ẹ̀dà, kí ni a ó pe ti pílásítà, tí ó ní iwájú, tí ó ní ẹ̀yìn, tí ènìyàn sì lè yí po?

Ìhà kan ṣoṣo ni fọ́tò ń fi hàn, ayàfọ́tò ni ó sì yàn án. Talbot fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé bí a bá yí ère díẹ̀, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibòmíràn kàn án, àwòrán mìíràn ni yóò jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Patroclus sì fara hàn nínú ìwé kan náà. Lọ́dún 1896, Heinrich Wölfflin, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, bá àwọn ayàfọ́tò wí pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń ya ère tí agbẹ́re ṣe kí a lè máa wò ó láti iwájú. Ta ni yóò bá ẹni tí ó da ẹ̀dà jà nítorí ibi tí ó dúró sí? "Àwòrán ère" tó mi.

Ní ti "ìrántí ìtàn", tí wọ́n tún dábàá fún ohun tí àwùjọ gbà pé òun rántí nípa àtijọ́, etí mi ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn ń rántí ìtàn kan tí wọ́n sọ fún un. "Ìrántí àwùjọ" ni mo yàn. Lọ́dún 1793, àwọn tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba bẹ́ orí àwọn ère ọba tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris nítorí wọ́n gbà pé ọba ilẹ̀ Faransé ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọba Júdà inú Bíbélì ni wọ́n. Ohun tí àwùjọ gbà pé òun rántí ni wọ́n bẹ́ lórí.

Àwọn kan tún ń tú "àwòrán" sí "a-wò-rántí". Ohùn òkè tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ bá "rántí" mu lóòótọ́, kò sì bá "ìran" tí ó wà nínú "awòran" mu, ṣùgbọ́n n kò ní gbé àríyànjiyàn mi lé e. Èyí tí mo ń wá báyìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ń lò fún ohun tí wọ́n dà ní àwòṣe òmíràn, kí a lè fi pe ère pílásítà Talbot.